Ǹjẹ́ Ohun Ìjà Oníná Lè Gba Ọmọ Yín Lọ́wọ́ Ọlọ́bẹ?

Ẹ̀yin òbí wa ní Ìlú Ọba, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú ẹbí tí mò ń ṣe, àwọn òbí tí ẹ̀rù ọ̀bẹ ìgboro ń bà a máa bi mí pé: "Ṣé kí a má kúkú ra ohun ìjà oníná sínú báàgì ọmọ wa?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èsì mi.

Taser tí ẹ ń rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá a máa ta abẹ́rẹ́ méjì tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wà nídìí wọn. Bí méjèèjì bá gún ara, tí wọ́n sì jìnnà síra díẹ̀, iná yóò mú kí iṣan le gbagidi fún ìṣẹ́jú àáyá 5, onítọ̀hún yóò sì ṣubú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá tàsé, tàbí tí ó há sínú kóòtù òtútù, iná lè má ráyè kọjá. Bí àáyá 5 náà bá sì parí, ẹni tó ṣubú lè dìde tọ̀bẹ-tọ̀bẹ.

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tí APM Reports gbé jáde ní 2019 fi hàn pé láàárín 2015 sí 2017, ó lé ní 250 ènìyàn tí Taser kò kápá, tí ọlọ́pàá sì yìnbọn pa lẹ́yìn náà. Bí ó bá rí báyìí fún ọlọ́pàá tí a kọ́ níṣẹ́, kí ni ti ọmọ ọdún 15? Èyí tí wọ́n ń tà ní bòókẹ́lẹ́ sábà máa ń burú jù: kì í ta abẹ́rẹ́, àfi kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara. Ọmọ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ̀bẹ kí ó tó lè lò ó.

Yàtọ̀ sí èyí, òfin ohun ìjà ọdún 1968 kà á léèwọ̀ fún ará ìlú, ìbáà jẹ́ nínú ilé. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 10.

Kí wá ni ṣíṣe? Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Ẹ kọ́ ọmọ yín pé kí ó jọ̀wọ́ fóònù fún olè, kí ó sá wọ ṣọ́ọ̀bù tí èrò wà, kí ó sì pe 999. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù alágbèéká, kí ó tẹ 55 nígbà tí wọ́n bá ní kí ó tẹ̀ ẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ó lè sọ ẹni tí ń halẹ̀ mọ́ ọn fún yín láìbẹ̀rù ìbáwí. Fóònù ṣeé rà padà. Ọmọ kò ṣeé rà.