Sìmẹ́ńtọ́ọ̀mù Eyín

Sìmẹ́ńtọ́ọ̀mù ni èèpo líle tí ó bo gbòǹgbò eyín. Kò dán bí ínámẹ́lì tí ó bo orí eyín, bẹ́ẹ̀ ni kò le tó o. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ní ọrùn eyín, ṣùgbọ́n òun ni ó di àwọn okùn tí ó so eyín mọ́ egungun àgbọ̀n mú.

Nígbà tí gbòǹgbò bá ń gùn nínú àgbọ̀n, awọ tín-ín-rín kan a máa yí i ká. Orúkọ Oskar Hertwig, onímọ̀ ará Jámánì, ni a fi ń pe awọ náà. Bí dẹ́ńtìnì, tí í ṣe ara gbòǹgbò gan-an, bá ti ń le, awọ yìí a fà ya. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú àpò tí ó yí eyín ká a gba ibẹ̀ wọlé, wọn a fara kan dẹ́ńtìnì, wọn a sì di olùmọ sìmẹ́ńtọ́ọ̀mù. Fọ́nrán kọ́lájìnì ni wọ́n kọ́kọ́ ń hun. Lẹ́yìn náà ni hóró kálísíọ̀mù àti fọ́síféètì a gan mọ́ àárín fọ́nrán náà. Ní apá ọrùn eyín, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà a máa fà sẹ́yìn bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ní ìsàlẹ̀ gbòǹgbò, iṣẹ́ a yá débi pé àwọn mìíràn a há sínú ohun tí wọ́n ń mọ.

Èyí tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn okùn náà, tí wọ́n wà láàárín sìmẹ́ńtọ́ọ̀mù àti egungun, kì í le. Àlàfo náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ, sẹ́ẹ̀lì tí ó lè mọ ohun líle sì wà nínú rẹ̀. Páírófọ́síféètì ni ó ń dènà ìgándì hóró. Ẹ́ńsáìmù tí a ń pè ní alkaline phosphatase ni ó ń fọ́ ìdènà yìí níbi tí ó bá yẹ.

Àìsàn àjogúnbá kan, hypophosphatasia, fi èyí hàn kedere. Ẹ́ńsáìmù náà kì í tó lára ẹni tí ó ní in. Páírófọ́síféètì a pọ̀ jù, sìmẹ́ńtọ́ọ̀mù kò sì ní hù dáadáa. Eyín iwájú ọmọ lè bọ́ kí ó tó pé ọdún márùn-ún, tòun ti gbòǹgbò rẹ̀ lódindi. Bẹ́ẹ̀, eyín ọmọdé tí ó bọ́ lásìkò kì í ní gbòǹgbò mọ́, nítorí ara ti jẹ ẹ́ tán. Irú eyín bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sọ nù: ó yẹ kí dókítà eyín rí i, nítorí àìsàn náà a máa ba egungun jẹ́ pẹ̀lú. Láti ọdún 2015 ni oògùn tí ń rọ́pò ẹ́ńsáìmù náà ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà.

Sìmẹ́ńtọ́ọ̀mù kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, èyí tí àrùn ìdí eyín bá bàjẹ́ kì í sábà padà bọ̀ sípò bí egungun tí ó dá ti ń jinná. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ yọ sẹ́ẹ̀lì láti ara okùn ìdí eyín tí a ti fà, wọ́n fi í sí ara eku, ó sì mọ ohun tí ó jọ sìmẹ́ńtọ́ọ̀mù. Ìtọ́jú tí a gbé ka ìmọ̀ yìí kò tíì di ohun tí ó wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn eyín.