Ẹ Yé Di Ẹ̀bi Àìsàn Kíndìnrín Ru Ìyàwó Ilé

Nígbà tí ẹsẹ̀ bùrọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ìyàwó àbúrò bàbá wa ni àwọn ará ilé nàka ẹ̀bi sí. Obì ni bùrọ̀dá ń tà ní Ṣábọ̀, Ṣàgámù. Kì í mutí, kì í fa sìgá. Wọ́n ní kíndìnrín irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dédé bàjẹ́. Wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù, ìyá tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò lè yọjú kí i. Ó dùn mí wọra, torí bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkẹ́nnẹ́, mo sì mọ ohun tí ìwádìí ti fi hàn nípa ẹ̀jẹ̀ àwa Yorùbá.

Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ APOL1. Ara ń tẹ̀lé e láti fi hun purotéènì kan tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2008, MYH9, jíìnì tó múlé tì í, ni àwọn oníwádìí rò pé ó ń fa àìsàn kíndìnrín tó pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Wọ́n tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, wọn ò rí àyípadà kankan níbẹ̀ tó tó ìbàjẹ́ náà ṣe.

Àwọn ará Ìbàdàn ló là wọ́n lójú. Àwọn Yorùbá kan níbẹ̀ ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí, wọ́n sì ti ka DNA wọn sínú kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ tí wọ́n pè ní 1000 Genomes Project. Lẹ́tà DNA ènìyàn kan tó bílíọ̀nù mẹ́ta, ta ni yóò fi ojú lásán kà á? Martin Pollak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard fi kọ̀ǹpútà to tiwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn òyìnbó, wọ́n ṣa lẹ́tà tó pọ̀ lára wa tó sì ṣọ̀wọ́n lára wọn, wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò lára àwọn aláìsàn. Ní 2010, wọ́n kéde pé APOL1 ni. Bí ìlẹ̀kẹ̀ 398 tí a sín pọ̀ ni purotéènì rẹ̀ rí. Nínú oríṣi tí wọ́n pè ní G1, a pààrọ̀ ẹyọ 342 àti 384. Nínú G2, ẹyọ 388 àti 389 já sọnù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Purotéènì tó yí padà yìí ló lè pa irú kòkòrò kan tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tó ń fa àìsàn oorun. Àwọn onímọ̀ gbà pé ààbò yẹn ló jẹ́ kí àyípadà náà gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣàìsàn rárá. Ní 2024, ìwádìí lára àwọn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà fi hàn pé jíjogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo náà ń dá kún ewu.

Wọn ò tíì yẹ jíìnì bùrọ̀dá wò, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà náà sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Èwo nínú wọn ló kan ìyàwó ilé?

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, purotéènì máa ń jò sínú ìtọ̀ kí ara tó wú. Bí ẹnì kan nínú ẹbí yín bá ti ní àìsàn yìí, ẹ lọ yẹ ìtọ̀ yín wò, kí ẹ sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín.