Ọ̀daràn Ọlọ́gbọ́n Nínú Fíìmù: Kí Ló Dé Tí A Fi Ń Fẹ́ràn Láti Wò Ó?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: "Gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun." Òwe tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ni. Síbẹ̀, bí a bá jókòó ti fíìmù, gbogbo ọjọ́ olè náà la máa ń fẹ́ wò. Ọjọ́ kan tolóhun kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ní ìparí. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ìrìn olè náà àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń sín jẹ, kì í ṣe ti ọlọ́pàá tó mú un. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ ti rí èyí rí. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń fà á, nítorí àwọn àgbà wa ti mọ̀ ọ́n kí sinimá tó dé.

ÌJÀPÁ LÓ ṢÍWÁJÚ

Nínú àlọ́ kan, àwọn ará ìlú fẹ́ mú erin, apá wọn kò ká a. Ìjàpá ló lọ bá erin nínú igbó, ó sọ fún un pé òun ni ìlú fẹ́ fi jọba. Erin tẹ̀ lé e tìlù torin. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní bò ó lójú. Bí erin ṣe ní kí òun jókòó sórí ìtẹ́, inú kòtò ló bá ara rẹ̀.

Ẹ wo Ìjàpá dáadáa. Kò lágbára, kò lè sáré. Ọgbọ́n nìkan ló ní. Inú wa máa ń dùn bí ẹni kékeré bá borí ẹni ńlá, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹni ńlá ti rẹ́ jẹ rí. Ṣùgbọ́n irọ́ Ìjàpá nìkan kọ́ ló pa erin. Erin fẹ́ jọba. Ọ̀daràn ọlọ́gbọ́n a máa wo ohun tí ọkàn ẹni ń fẹ́, ìyẹn ni yóò sì fi ṣe ìjẹ. Bí a ti ń wò ó, àwa náà ń bi ara wa léèrè pé: bó bá jẹ́ èmi ni, ǹjẹ́ mi ò ní tẹ̀ lé e?

ỌGBỌ́N TÍ A Ń BẸ̀RÙ LÁDÙÚGBÒ

Ní àwọn àdúgbò bíi Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ní Súrùlérè, ẹ ó rí ilé tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé kì í ṣe títà. Ẹni tó kọ ọ́ kò bẹ̀rù adigunjalè. Ẹni tó ń bẹ̀rù ni ẹni tó wọṣọ tó gbayì, tó gbé ìwé ayédèrú dání, tó lè ta ilé onílé kí onílé tó ti àjò dé. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin ní ọdún 2016 láti dáàbò bo dúkìá àwọn èèyàn lọ́wọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀.

Irú ọ̀daràn yìí ni Túndé Kèlání fi hàn wá ní ọdún 1993 nínú fíìmù Ti Olúwa Ni Ilẹ̀. Kareem Adépọ̀jù, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Wándé, ló ṣe Òtún Àṣíyanbí, olóyè tó bá ẹni méjì lẹ̀dí àpò pọ̀ láti ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Àwọn méjì yòókù kú. Òtún mọ̀ pé òun ló kàn. Ọgbọ́n tó fi ta ilẹ̀ náà ló wá ń fi sá fún ikú.

A mọ̀ pé ó jẹ̀bi, síbẹ̀ à ń rẹ́rìn-ín, àyà wa sì ń já nítorí rẹ̀. Kí ló fà á? Òtún kì í ṣe ẹni ìbẹ̀rù kan tó ti ìlú òkèèrè wá. Àgbà ìlú ni, ẹni tí à bá kúnlẹ̀ kí níbi ìnáwó. Àwọn àgbà ní: "Ẹni tó bá yọ́ ilẹ̀ dà, ohun búburú a máa yọ́ wọn ṣe." Òtún náà á ti pa irú òwe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn rí. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ṣe é.

ỌGBỌ́N PÀDÉ ỌGBỌ́N

Olè kò lè dùn wò bí ẹni tó ń lé e bá jẹ́ ọ̀dẹ̀. Ẹ rántí Baṣọ̀run Gáà ní Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, ẹni tó ń fi ọba jẹ, tó sì ń pa ọba. Nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún gorí oyè, kò bá a jà lójú ẹsẹ̀. Ó ń lọ kí i lárààárọ̀, ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Lábẹ́lẹ̀, ó ń bá Ọyábì tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò gbìmọ̀. Ní ọdún 1774, ọjọ́ kan tolóhun dé bá Gáà. Láti ìgbà náà la ti ń sọ pé: "Bí o láyà, kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sòótọ́."

Olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí kọ eré Baṣọ̀run Gáà. Ní ọdún 2024, Bolanle Austen-Peters tún gbé ìtàn náà jáde nínú fíìmù House of Ga'a. Ìtàn náà kò sú wa, nítorí ọgbọ́n méjì ló ń kojú ara wọn níbẹ̀. "Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta."

KÀKÀKÍ TÍ KÒ ṢE É FI PAMỌ́

Òwe mìíràn sọ pé: "Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n?" Ọba nìkan ni wọ́n ń fọn kàkàkí fún. A lè jí i, ṣùgbọ́n a kò lè fọn ọ́n kí ìlú má gbọ́. Gbogbo ọ̀daràn tó dùn wò ló ní kàkàkí tirẹ̀, ohun kan tí kò lè pa mọ́. Ti Gáà ni àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ bàbá wọn ni àwọn ìlú lára. Ìṣọ̀lá Oyènúsì, adigunjalè tí wọ́n yìnbọn pa ní Bar Beach ní Èkó ní ọdún 1971, ń jẹ́ Dókítà láìṣe dókítà. Olè tó yẹ kó máa fara pa mọ́ ń wá orúkọ ńlá. Ibi tí a ti ń rí ọ̀daràn bí èèyàn nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ sì ti ń tẹ̀ ẹ́.

KÍ NI KÍ A SỌ FÚN ÀWỌN ỌMỌ?

Ẹ má wulẹ̀ pa tẹlifíṣàn. Bí fíìmù bá parí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta yìí. Kí ni ọ̀daràn yìí rí lọ́kàn ẹni tó rẹ́ jẹ? Kí ni kàkàkí rẹ̀? Ta ni olóhun, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí i? Ìbéèrè kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí fíìmù mìíràn wà tí kò fi ojú olóhun hàn wá rárá. Ẹni tí wọ́n gba owó ilé rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ kò rí owó ilé ìwé san mọ́, kì í ṣe ẹni tí ọmọdé ń sín jẹ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n rí i.

Ìjàpá ń lọ sájò, wọ́n bi í pé ìgbà wo ni yóò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Àlọ ìrìn àjò yẹn ló ń dùn mọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ bá wọn jókòó títí Ìjàpá yóò fi dé.