Kí Ló Dé Tí Abúlé Rẹpẹtẹ Ní Tsẹ́kì Fi Ń Jẹ́ Orúkọ Kan Náà?

Ẹ lọ sórí Google Maps, kí ẹ tẹ Nová Ves, kí ẹ wo ohun tó máa jáde. Kì í ṣe abúlé kan, kì í ṣe méjì. Orílẹ̀-èdè Tsẹ́kì, tí iye èèyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 11, kún fún Nová Ves láti ìlà-oòrùn títí dé ìwọ̀-oòrùn. Ó dáa, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ tẹ Lhota. Ìyẹn tún wá le jù! Tí a bá ka àwọn tó ń jẹ́ Lhota lásán mọ́ àwọn tó ní orúkọ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lhota, wọ́n lé ní 200.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni pé ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n, pé wọn ò rí orúkọ mìíràn ronú kàn. Rárá o. Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun táwọn ará Tsẹ́kì ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo odò, wọ́n wo àdéhùn tó wà láàárín àwọn àti ẹni tó ni ilẹ̀, wọ́n wá sọ abúlé lórúkọ. Ohun tí wọ́n ń wò ló jọra, ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi jọra. Kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nígbà náà. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wàhálà tó dé, nígbà tí lẹ́tà, áńbúláǹsì àti kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, “Èwo nínú wọn?”

Abúlé “tuntun” tó ti gbó

Nínú èdè Tsẹ́kì, nová ni tuntun, ves sì ni abúlé. Abúlé Tuntun, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárín ọ̀rúndún 12 sí 14, àwọn ọba, àwọn ìjòyè àti àwọn ilé àwọn mọ́ńkì ní Bohemia àti Moravia (ẹkùn méjì tó tóbi jù nínú Tsẹ́kì òní) ní igbó tó pọ̀ lọ. Igbó kì í san ìṣákọ́lẹ̀. Èèyàn ló ń san án. Nítorí náà, wọ́n ń wá àwọn àgbẹ̀ tó máa ṣán igbó, tí wọ́n á kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n á sì dáko. Abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ káàkiri bí olú.

Ẹ wá fojú inú wò ó pé ẹ ń gbé ní abúlé àtijọ́ kan, àwọn àjèjì sì wá tẹ̀dó sí ìdajì ọjọ́ ìrìn sí yín. Kí lẹ máa pè é? “Abúlé tuntun yẹn” ni. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ mọ èyí tẹ́ ẹ̀ ń sọ, torí òun nìkan ni abúlé tuntun tó wà nítòsí. Tó bá di ogún ọdún, kì í ṣe tuntun mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọn lára. Ìdí nìyẹn tí àwọn Nová Ves kan fi ti lo ọ̀rúndún mélòó kan, tí wọ́n ṣì ń jẹ́ tuntun.

Kì í ṣe Tsẹ́kì nìkan o. Nowa Wieś ni wọ́n ń pè é ní Pólándì, Újfalu ní Húngárì, Neudorf ní Jámánì. Ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Kódà Naples, ìlú ńlá Ítálì yẹn, láti inú Neapolis tó jẹ́ èdè Gíríìkì ló ti wá: ìlú tuntun. Ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì!

Lhota: àdéhùn tó di orúkọ

Èmi ò rí èyí tó dùn mọ́ mi tó Lhota. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ta ló máa fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ gé igi ńlá nínú igbó, tí yóò máa hú gbòǹgbò, nígbà tó mọ̀ pé kò lè kórè nǹkan gidi fún ọdún mélòó kan? Kò sẹ́ni tó máa gbà bí ẹ bá ní kó tún máa san ìṣákọ́lẹ̀. Nítorí náà, onílẹ̀ á bá àwọn tó ń bọ̀ ṣàdéhùn: “Fún iye ọdún báyìí, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Tí ọdún yẹn bá pé, ẹ ó bẹ̀rẹ̀.” Àsìkò ìdẹ̀rùn yẹn ni Tsẹ́kì àtijọ́ ń pè ní lhóta. Abúlé tí wọ́n bá sì fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ dá sílẹ̀, Lhota ló máa jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kú. Nínú èdè Tsẹ́kì òde òní, lhůta ni gbèdéke: àsìkò tí wọ́n fún yín láti san owó tàbí láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Rọ́ṣíà náà ní lgota, ìyẹn àǹfààní tàbí ẹ̀dínwó tí ìjọba fún àwọn kan. Ní Slofákíà, ẹ máa rí àwọn abúlé tó ń jẹ́ Lehota. Ní Pólándì, Lgota tàbí Ligota.

Ṣé ẹ rí ohun tí èyí túmọ̀ sí? Tí ẹ bá to gbogbo Lhota sórí máàpù, ibi tí wọ́n ti ṣán igbó lábẹ́ irú àdéhùn yẹn lẹ̀ ń wò. Àwọn onímọ̀ ìtàn máa ń lo irú orúkọ báyìí bí ẹ̀rí, pàápàá níbi tí ìwé àtijọ́ kò bá sí. Ká ní gbogbo abúlé ní orúkọ tó dá yàtọ̀ pátápátá ni, ẹ̀rí yẹn ò ní sí. Bí orúkọ náà ṣe ń tún ara rẹ̀ sọ ló jẹ́ ká rí ìtàn inú rẹ̀.

Bákan náà ni àwọn orúkọ yòókù. Brod ni ibi tí odò kò jìn, téèyàn lè fẹsẹ̀ là kọjá. Ústí ni ibi tí odò kan ti wọnú òmíràn. Týn ni ibi tí wọ́n ṣọgbà yí ká. Hradec ni odi kékeré. Újezd wá láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn gun ẹṣin yí ilẹ̀ ká, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pa ààlà nígbà kan. Igi, odò, odi, ààlà: ibo ni irú nǹkan wọ̀nyí ò sí?

Orúkọ nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́

Tí ìyá yín bá ní “mò ń lọ sọ́jà”, ẹ kì í bi í pé ọjà wo nínú gbogbo ọjà ayé. Ẹ ti mọ ibi tó wà, ẹ mọ ọjà tó máa ń ná. Ọ̀rọ̀ kékeré ni “ọjà”, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ̀yin méjèèjì ti mọ̀ ló parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Nová Ves ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kì í rìn jìnnà sílé. Tí ọ̀rọ̀ náà bá kúrò ní àdúgbò rẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ máa ń dàrú.

Nígbà tí ìrìn àjò àti ìwé ìjọba pọ̀ sí i, wọ́n ní láti fi nǹkan kún orúkọ. Èdè Tsẹ́kì ní àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké fún un: u ni “nítòsí”, nad ni “lókè”, ìyẹn létí odò kan, pod ni “nísàlẹ̀” òkè kan, v sì ni “nínú”. Bí a ṣe ní Nová Ves v Horách, Abúlé Tuntun Inú Àwọn Òkè, nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Nová Ves nad Popelkou létí odò Popelka. Ní àgbègbè Havlíčkův Brod nìkan, mẹ́ta ló wà: Nová Ves u Chotěboře, Nová Ves u Leštiny àti Nová Ves u Světlé. Kolín sì ní Nová Ves I, ó ku kí wọ́n máa fún abúlé ní nọ́ńbà bíi kíláàsì!

Àwọn mìíràn fi ẹni tó ń gbébẹ̀ tàbí ohun tó wà níbẹ̀ ṣe ìyàtọ̀. Český Brod ni Brod ti Tsẹ́kì, Uherský Brod ni Brod ti Húngárì torí ó sún mọ́ ààlà wọn, Železný Brod ni Brod onírin. Ọ̀kan tún wà tó ń jẹ́ Německý Brod, Brod ti àwọn ará Jámánì, nítorí àwọn awakùsà fàdákà tó ń sọ èdè Jámánì tí wọ́n ti tẹ̀dó síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní 1945, tí ogun àgbáyé kejì parí, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn mọ́. Wọ́n yí i padà sí Havlíčkův Brod láti fi rántí oníròyìn Karel Havlíček Borovský, tó kàwé níbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Brod kò yí padà, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀.

Ṣùgbọ́n àfikún yìí náà máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Dlouhá Lhota, Lhota Gígùn, wà ní àgbègbè Mladá Boleslav, ó wà ní Příbram, ó wà ní Tábor, ó sì tún wà ní Blansko. Ilé ńlá pupa tó wà láàárín omi, tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń lọ wò ní gúúsù Bohemia, Červená Lhota ni wọ́n ń pè é, Lhota Pupa. Červená Lhota mìíràn sì wà ní àgbègbè Třebíč, tí kò ní ilé kankan láàárín omi. Ẹni tó bá tẹ orúkọ nìkan sínú fóònù rẹ̀ lè jẹ epo ọkọ̀ lásán.

Tó bá jẹ́ áńbúláǹsì ńkọ́?

Epo ọkọ̀ ṣì kéré. Ní 1770, lábẹ́ Maria Theresa, ìjọba Habsburg bẹ̀rẹ̀ sí í fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kí wọ́n lè mọ iye ọkùnrin tó lè wọṣẹ́ ológun. Irú nọ́ńbà yẹn ṣì wà lára ilé ní Tsẹ́kì títí dòní. Ọ̀pọ̀ abúlé kékeré kò sì ní orúkọ òpópónà rárá: orúkọ abúlé àti nọ́ńbà ilé, ó tán. Ẹ ronú nípa ẹni tó pe 155, nọ́ńbà áńbúláǹsì wọn, tó ń gbọ̀n, tó sọ pé, “Nová Ves, ilé 27, bàbá mi ò mí dáadáa!” Lójú tirẹ̀, ó ti sọ àdírẹ́sì rẹ̀ tán. Lójú ẹni tó gbé fóònù, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ìṣẹ́jú sì ń lọ.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní áàpù kan tó ń jẹ́ Záchranka. Tí ẹ bá fi pè wọ́n, ó máa ń fi ibi tí fóònù yín wà gan-an ránṣẹ́. Ibẹ̀ kì í jọ ti ẹlòmíràn, torí kò sí ibi méjì lórí ilẹ̀ ayé tó ní látitúdì àti lọ́ńgítúdì kan náà.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ náà wá ojútùú tirẹ̀. Ní 1973, Czechoslovakia bẹ̀rẹ̀ sí í lo PSČ, nọ́ńbà márùn-ún tí wọ́n ń kọ sára lẹ́tà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, Prague ni. 6 àti 7, ọ̀nà Moravia ni. Àwọn oníṣirò ìjọba sì fún ìlú àti abúlé kọ̀ọ̀kan tó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ (wọ́n lé ní 6,200) ní nọ́ńbà mẹ́fà: 554782 ni Prague, 582786 ni Brno. Kọ̀ǹpútà kò mọ àdúgbò, kò mọ ẹni tí ẹ jẹ́, nítorí náà ó nílò ohun tí kò lè jọra láéláé.

Kí ló dé tí wọn ò kàn pa orúkọ wọ̀nyẹn rẹ́?

Torí nọ́ńbà lè tọ́ka sí abúlé, ṣùgbọ́n kò lè rántí rẹ̀. Abúlé Tsẹ́kì kan wà tí wọ́n gbìyànjú láti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lóòótọ́: Lidice.

Ní oṣù Karùn-ún 1942, àwọn ọmọ ogun Czechoslovakia kọlu Reinhard Heydrich, olórí Násì tó ń ṣàkóso ibẹ̀, ní Prague. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà. Àwọn Násì wá gbẹ̀san lára Lidice, láìní ẹ̀rí kankan. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin 173 níbẹ̀. Wọ́n kó àwọn obìnrin lọ sí àgọ́ Ravensbrück, wọ́n sì fi gáàsì pa ọmọdé 82. Wọ́n sun ilé, wọ́n wó ohun tó kù, wọ́n sì kéde pé orúkọ abúlé náà ti pa rẹ́.

Kí layé ṣe? Wọ́n sọ ibòmíràn ní Lidice. Ní ọdún yẹn kan náà, àdúgbò kan ní Illinois, Amẹ́ríkà, gba orúkọ náà. San Jerónimo ní Mẹ́ksíkò di San Jerónimo Lídice. Lídice wà ní Bràsíl náà. Àwọn òbí sọ ọmọbìnrin wọn ní Lidice. Lẹ́yìn ogun, wọ́n kọ́ abúlé náà padà nítòsí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, orúkọ àtijọ́ ló sì ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ ibi tó ń jẹ́ orúkọ kan ló gba orúkọ náà là.

Nítorí náà, tó bá di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń kàwé ní Tsẹ́kì, tó ní “Lhota ni mò ń gbé”, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ kàn bi í pé Lhota wo, ẹ gba PSČ rẹ̀, kí ẹ tó lẹ àdírẹ́sì mọ́ ẹrù náà.