Ẹja Ńlá Ni Irúgbìn Omi

Bí ẹnì kan bá dé àárín àwọn àgbà ní Ṣágámù lónìí, tí ó wí fún wọn pé òun mọ ọkùnrin kan tí ó jí ní kùtùkùtù, tí ó fi owó ara rẹ̀ ra epo sínú ọkọ̀ ojú omi, tí ó wa ọkọ̀ náà dé ojú òkun, tí ó bá ẹja kan tí ó gùn tó ènìyàn jìjàkadì fún odindi wákàtí kan, tí ó fà á dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tán, tí ó sì tún yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pé kí ó máa lọ ní àlàáfíà, ohun tí àwọn àgbà náà yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé: "Ṣé kò sí nǹkan tí ó ń ṣe ọkùnrin náà?" Ẹlòmíràn yóò ní kí wọ́n tètè ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ẹni tí ó bá pa ẹja ńlá kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ojú títì gan-an ni ó ń gbé e gbà, kí tọmọdé tàgbà lè rí i.

Síbẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwa ń sọ ọ́ lónìí láìṣiyèméjì pé orí ọkùnrin náà pé. Ohun tí ó ṣe kì í ṣe àṣejù olówó lásán. Bí a bá gbọ́ ìdí rẹ̀ yékéyéké, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àwọn ọmọ wa ni.

Ẹja kan wà ní àwọn òkun tútù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ salmon. Inú odò ni a ti ń bí i, inú omi iyọ̀ ni ó ti ń dàgbà, odò tí a ti bí i náà ni ó sì ń padà sí láti yé ẹyin. Àwọn ará Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ọ̀pá àti ìwọ̀ lé ẹja yìí kiri, kì í ṣe nítorí ebi, bí kò ṣe nítorí fàájì. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1985, ọkùnrin kan fa irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Chinook jáde nínú odò Kenai ní Alaska. Pọ́n-ùn 97 àti áúnsì 4 ni ó wọ̀n, èyí tí ó lé díẹ̀ ní kílò 44. Ariwo ta yí gbogbo ayé ká, àwọn apẹja sì ń wọ́ lọ sí odò náà láti wá irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn Chinook tí ń padà sí odò Alaska ń kéré sí i, wọ́n sì ń dín kù ní iye. Òkun tí ń gbóná wà lára ohun tí ó fà á, àwọ̀n àti ìwọ̀ ènìyàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2024, wọ́n ti odò Kenai pa fún pípa Chinook. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, Alaska àti Kánádà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti dá pípa Chinook odò Yukon dúró fún ọdún 7. Àwọn ọmọ onílẹ̀, tí ẹja yìí ti jẹ́ oúnjẹ wọn láti ayé àwọn baba ńlá wọn, ni ìyà náà jẹ jù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fura ṣáájú ìyẹn. Láti ọdún 1999 ni òfin ti wà ní England àti Wales pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ìwọ̀ mú salmon kí ọjọ́ 16 oṣù kẹfà tó pé, dandan ni kí ó dá a padà sínú omi. Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.

Ẹnì kan lè wí pé: "Kí ni ó kan ará Rẹ́mọ nínú ọ̀rọ̀ salmon? Àwa kò ní òkun, odò Ibu àti odò Uren ni a mọ̀." Òótọ́ ni pé òkun kò sí ní Ìkẹ́nnẹ́. Ṣùgbọ́n ibo ni omi tí ń ṣàn ní ilẹ̀ wa ń lọ? Ìsàlẹ̀ ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí, lápá ọ̀sà, níbi tí omi odò ti ń pàdé omi iyọ̀. Àwọn ará Ìkòròdú tí wọ́n jókòó ti ọ̀sà náà kì í sì í ṣe àjèjì sí wa, ìtàn wọn àti ìtàn Ṣágámù so mọ́ ara wọn. Ìpínlẹ̀ Ògùn tìkára rẹ̀ ní etí omi tirẹ̀ ní ìhà Ogun Waterside. Ẹja tí ìyàwó olùkọ́ ń rà ní ọjà, inú omi wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Bí omi náà bá ṣófo, ìkòkò wa ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Àwa náà sì ní ẹja ńlá tiwa. Kútà wà, tí eyín rẹ̀ mú bí ayùn. Ẹja tarpon wà, tí ìpẹ́ rẹ̀ ń dán bí fàdákà, tí a sì ń rí ní etíkun Áfíríkà láti Senegal títí dé Angola. Ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n ti fi ìwọ̀ mú èyí tí ó tóbi jù lọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo ayé: ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2003, ní Guinea-Bissau, a mú ọ̀kan tí ó wọn pọ́n-ùn 286 àti áúnsì 9, ìyẹn bí kílò 130. Ẹja tí àwọn oníṣòwò ń pè ní shiny nose náà wà, tí adùn rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a bi àgbẹ̀ Rẹ́mọ léèrè ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ó bá kórè àgbàdo tán, èwo ni ó ń so mọ́ àjà lókè ààrò? Ṣé èyí tí ó rán, tí ọmọ rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ ni? Ó tì o! Èyí tí ó tóbi, tí ó yọmọ jù, ni ó ń so síbẹ̀. Bí ebi tilẹ̀ ń pa á ní oṣù kẹta, kì í fọwọ́ kàn án, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá jẹ irúgbìn, ó ti jẹ oko ọdún tí ń bọ̀. Kí ló dé tí ọgbọ́n tí a ń lò lóko kò fi bá wa dé etí omi? Èyí tí ó tóbi jù ni a kọ́kọ́ ń pa níbẹ̀, èyí tí ó rán ni a sì ń fi sílẹ̀ kí ó máa bí sí i.

Àwọn onímọ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ yìí lé orí ìwọ̀n. Ẹ wo ẹja cod, èyí tí àwọn ará Norway ń sá gbẹ tí wọ́n sì ń kó wá sí ọjà wa. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé abo cod kan ṣoṣo tí ó wọn kílò 30 lè yé ẹyin ju abo 28 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kílò 2 lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò rẹ̀: ìwọ̀n àwọn 28 náà lápapọ̀ jẹ́ kílò 56, síbẹ̀ ìyá àgbà kan ṣoṣo borí gbogbo wọn. Nípa ti shiny nose, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ ni ẹja náà máa ń jẹ́ ní ìgbà èwe rẹ̀. Bí ó bá dàgbà, ó ń yí padà di abo. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣa àwọn ńláńlá rẹ̀ pa, àwọn ìyá ni ó ń pa tán, àwọn akọ kéékèèké ni ó sì ń fi sílẹ̀ láìní aya.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èrò àjèjì ni kí a dá ẹja sí. Ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni láti pẹja nínú odò Ọ̀ṣun níbi igbó mímọ́ rẹ̀, igbó náà sì ni àjọ UNESCO kọ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá ayé ní ọdún 2005. Ní Argungu ní ilẹ̀ Kebbi, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ẹja pípa láti ọdún 1934, wọn a sé odò náà mọ́ títí ọjọ́ àjọ̀dún yóò fi dé. Nítorí pé wọ́n ní sùúrù ni ẹja tí ó gba ipò kìíní ní ọdún 2005 fi wọn kílò 75. Àwọn baba wa mọ̀ pé omi tí a kò fún ní ìsinmi kò lè bọ́ ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Bí apẹja kan ní etí ọ̀sà bá jáde pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ láti òru, tí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀, tí Ọlọ́run wá fi ẹja ńlá kan jíǹkí rẹ̀, ta ni yóò dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí yóò ní kí ó dá a padà? Kì í ṣe àwa. Ìka kò dọ́gba. Ẹni tí ó ń pẹja láti jẹun yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń pẹja láti ṣeré. Ẹni tí ó ń ṣeré, tí oúnjẹ wà ní ilé rẹ̀ kí ó tó jáde, òun ni ọ̀rọ̀ wa ń bá wí. Fàájì rẹ̀ ti pé nígbà tí ẹja dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ìyá àgbà náà padà sílé.

Òun náà lè wí pé: "Bí mo bá dá a sílẹ̀, ṣé ẹlòmíràn kò ní pa á lọ́la ni?" Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọ̀la náà tó dé, èrè rẹ̀ ti kọjá ohun tí ìkòkò kan lè gbà.

Kí a sì sọ òtítọ́ nípa àwọn tí ń run omi gan-an. Bí ara ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n ń da Gammalin 20, oògùn tí a ṣe fún kòkòrò inú oko kòkó, sínú odò láti fi pa ẹja. Tọmọ tìyá ni oògùn náà ń pa, ẹni tí ó jẹ ẹja náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lindane tí ó wà nínú rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé pinnu ní ọdún 2009 pé kí a mú kúrò nílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun wà pẹ̀lú. Òfin ẹja òkun ti ọdún 1992 lé wọn kúrò nínú máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ láti etí omi, kí àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké lè rí ibi ṣiṣẹ́. Òfin tí kò ní olùṣọ́ dà bí ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn. A kò lè máa wàásù fún ẹlẹ́ja kékeré bí a kò bá fi òfin de àwọn ọ̀gá wọ̀nyí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ẹja ńlá padà, kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kí ó lo ìwọ̀ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ yípo wọnú, nítorí igun ẹnu ni irú èyí ń kọ́, kì í sábà wọ inú ikùn. Kí ó tẹ ègún ìwọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí ó lè yọ wọ́ọ́rọ́. Kí okùn rẹ̀ le, kí ìjà má baà pẹ́, nítorí ẹja tí ó ti rẹ̀ jù lè kú lẹ́yìn tí a ti rò pé a dá a sílẹ̀. Kí ó fi omi rin ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ẹja, nítorí nǹkan yíyọ̀ tí ó wà lára ẹja ni aṣọ ààbò rẹ̀. Kí ó má ṣe gbé e kọ́ ní àgbọ̀n: omi ni ó ń gbé ìwúwo ẹja ńlá, bí kò bá sí omi, ìwúwo ara rẹ̀ a máa pa á lára. Ní Florida, láti ọdún 2013, dídá padà ni tarpon, àfi ẹni tí ó bá gba ìwé àṣẹ pàtàkì. Èyí tí ó bá sì gùn ju ínṣì 40 lọ, wọn kò gbọdọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú omi rárá. Lẹ́yìn náà, kí ó dojú ẹja kọ ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí ó dì í mú jẹ́jẹ́ títí yóò fi fúnra rẹ̀ ta ìrù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà gan-an níbi tí ó fi ń mí, kí ó gbé e lọ sílé, nítorí dídá òkú padà kò ṣe omi ní àǹfààní.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilẹ̀ Rẹ́mọ, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àgbàdo orí àjà yìí kọ́ àwọn ọmọ, ẹ sì kìlọ̀ fún wọn nípa oògùn inú odò. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò yín bá dé, ẹ má ṣe bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ títì àti iná nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni ń ṣọ́ máìlì 5 náà? Ta ni ń mú àwọn tí ń da oògùn sódò? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ fàájì lórí ọ̀sà, ọwọ́ yín gan-an ni ìwọ̀ wà.

Ọmọ tí a bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún yìí yóò fẹ́ rí ẹja tí ó gùn jù ú lọ ní ọjọ́ kan. Kí ó rí i ní ààyè, kí ó má jẹ́ pé inú ìtàn tí à ń sọ fún un ni yóò ti máa gbọ́ ọ.