Ta Ni Ó Ṣe Àwo Tí Ẹ Fẹ́ Rà?

Bí ọmọkùnrin bá fẹ́ gbé ìyàwó, àwọn òbí rẹ̀ kì í wo ẹwà ojú nìkan. Wọ́n á ránṣẹ́ lọ wádìí ilé tí omidan náà ti wá. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n ti àwo òfìfo ni, síídì àti dífídì tí a fi ń gba ohùn àti àwòrán sílẹ̀.

Mo gba ohùn ìyá mi sílẹ̀ nígbà kan bí wọ́n ti ń ki oríkì ìdílé wa. Mo kọ ọ́ sínú síídì méjì, orúkọ kan náà ni ó sì wà lára páálí méjèèjì. Nígbà tí màmá fi ayé sílẹ̀ tí a fẹ́ gbọ́ ohùn wọn, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ geerege, èkejì ya odi. Ìgbà náà ni mo tó wádìí, tí mo sì rí i pé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n yàtọ̀ síra.

Ohun tí ó fà á nìyí. Púpọ̀ nínú àwọn tí orúkọ wọn wà lára páálí kì í ṣe àwo fúnra wọn. Wọ́n ń rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni, wọ́n sì ń lẹ orúkọ tiwọn mọ́ ọn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ kò yí padà, olówó ni ó yí padà: Mitsubishi Chemical ti Jàpáànì ni ó ni orúkọ Verbatim títí di 2019, kí ó tó tà á fún CMC Magnetics ti Táíwàn.

Aró ni a tẹ́ sínú àwo wọ̀nyí, ìtànṣán iná inú ẹ̀rọ ni ó sì ń kọ ohùn sí aró náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ adìrẹ mọ̀ pé aró ẹnìkan a máa pẹ́, ti ẹlòmíràn a sì tètè ṣá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àwo, pàápàá nínú ooru àti oòrùn.

Báwo ni a ó ṣe mọ aláró? Ilé-iṣẹ́ ti kọ àmì kan pamọ́ sínú ilà àwo kí ó tó dé ọjà. Lórí síídì, 97m24s01f jẹ́ ti Taiyo Yuden ti Jàpáànì, tí ó ṣe irú síídì yìí àkọ́kọ́ ní 1988, tí ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìparí 2015. 97m26s66f jẹ́ ti CMC. Lórí dífídì, lẹ́tà ni: MCC fún Mitsubishi Chemical, CMC MAG fún CMC.

Ojú lásán kò lè rí àmì yìí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo orílẹ̀-èdè tí a kọ sí páálí, nítorí ó máa ń sọ ju orúkọ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ra díẹ̀, ẹ fi ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà tí ó ní ètò bíi ImgBurn, yóò fi àmì náà hàn yín láì tíì kọ ohunkóhun sí àwo. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tètè padà lọ ra ìyókù nínú páálí kan náà, nítorí páálí tí ó tẹ̀ lé e lè ti ibòmíràn wá.

Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn kan ń ji àmì olókìkí lò. Bákan náà, ẹni tí ó ṣe òǹtẹ̀ tí a fi tẹ àwo ni àmì náà ń dárúkọ, ó sì lè má jẹ́ òun ni ó tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ohun tí ẹ kò fẹ́ pàdánù, ẹ kọ ọ́ sínú àwo ilé-iṣẹ́ méjì, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Ohùn tí ó bá lọ kò ṣeé rà lọ́jà. Ẹ wádìí ilé dáadáa kí ẹ tó san owó orí.