Eegun Ẹ̀yìn Tó Ti Kán Kí Kòrónà Tó Dé

Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn kì í ṣe eegun gbọọrọ kan ṣoṣo. Eegun kéékèèké ni Ẹlẹ́dàá tò léra láti ọrùn títí dé ìdí, 12 nínú wọn ló sì wà lẹ́yìn àyà, níbi tí àwọn eegun ìhà ti so mọ́ wọn lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí àrùn kòrónà kún àwọn ilé ìwòsàn ìlú Milan lórílẹ̀-èdè Ítálì ní ọdún 2020, tí ojú gbogbo ènìyàn wà lára ẹ̀dọ̀fóró, àwọn oníṣègùn kan níbẹ̀ yíjú sí àwọn eegun 12 yìí, torí wọ́n fura pé ipò tí àwọn eegun náà wà lè jẹ́ kí dókítà tètè mọ aláìsàn tí àrùn náà yóò wọ̀ lára jù.

Milan ni olú ìlú ẹkùn Lombardy, níbi tí àrùn náà ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní Ítálì nínú oṣù Kejì ọdún náà, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde rẹ̀ ní àjàkálẹ̀ àrùn àgbáyé ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta. Ìlú yìí kan náà ni ọmọ Ítálì tí wọ́n kọ́kọ́ rí kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà ti wọkọ̀ òfuurufú wá sí Èkó, tó sì ti dé ìpínlẹ̀ Ògùn kí àyẹ̀wò tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì. Ítálì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí arúgbó pọ̀ sí jù láyé, arúgbó sì ni eegun ẹ̀yìn ń tètè kán fún.

Ohun abẹ̀mí ni eegun. Ara a máa wó èyí tó ti gbó lára rẹ̀, a sì máa mọ tuntun dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró, tàbí tí ọkùnrin bá ti dàgbà gan-an, wíwó á máa yá ju mímọ lọ, àwọn àlàfo inú eegun á máa fẹ̀, eegun á sì di ẹlẹ́gẹ́. Osteoporosis ni àwọn oníṣègùn ń pe ipò yìí, àrùn eegun ẹlẹ́gẹ́ sì ni Yorùbá lè pè é. Ẹni tó bá dé ipò yìí kò nílò kó já láti orí igi ọ̀pẹ kí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tó kán, nítorí bíbẹ̀rẹ̀ gbé garawa omi tàbí ikọ́ líle lásán lè ṣe é. Bí ènìyàn bá to agolo mílíìkì léra, tí iwájú ọ̀kan láàárín wọn wá tẹ̀ wọnú nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì dúró gbọin, gbogbo èyí tó wà lórí rẹ̀ ni yóò dà síwájú; bí eegun ẹ̀yìn ṣe sábà máa ń kán gẹ́lẹ́ nìyẹn, òun ló sì máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kúrú sí i, kí ẹ̀yìn wọn sì tẹ̀.

Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta irú kíkán bẹ́ẹ̀ ni kì í dé etígbọ̀ọ́ dókítà lásìkò tó ṣẹlẹ̀. Màmá á ní ẹ̀yìn ń dun òun, àwọn ọmọ á fi róòbù pa á, wọ́n á ní ọjọ́ ogbó ni, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àwòrán X-ray tí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ yà ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ọ̀nà tí Harry Genant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 1993 ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n rẹ̀: eegun tó bá pàdánù ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún gíga rẹ̀ kán díẹ̀, èyí tó bá pàdánù 25 sí 40 kán níwọ̀nba, èyí tó bá ju 40 lọ kán gidigidi.

Ní ilé ìwòsàn San Raffaele ní Milan, àwọn oníṣègùn náà, Luigi di Filippo, Andrea Giustina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, padà sídìí àwòrán àyà tí wọ́n ti fi ẹ̀gbẹ́ yà fún àwọn alárùn kòrónà 114 nígbà tí wọ́n dé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n torí rẹ̀ ya àwòrán náà, ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i pé eegun ẹ̀yìn àyà ti kán lára ènìyàn 41, èyí tó jẹ́ ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé àwọn wọ̀nyí nílò ẹ̀rọ tí ń fi ìbòmú ti afẹ́fẹ́ sí ni lágbára ju àwọn yòókù lọ. Nínú àwọn tí eegun wọn ti kán, ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Nínú àwọn tí tiwọn kò kán, ìdá 10 ni. Láàárín àwọn tí eegun wọn kán, àwọn tí tiwọn kán gidigidi ni ikú pa jù.

Ó yẹ kí ènìyàn rọra gba ìṣirò yìí. Bí wọ́n bá yí ìdá náà padà sí iye orí, nǹkan bí ènìyàn 9 nínú 41 àti nǹkan bí 7 nínú 73 ni, èyí tó kéré débi pé àwọn olùwádìí náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe èèṣì. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tí eegun wọn kán ló dàgbà jù, àwọn ló sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn jù, bẹ́ẹ̀ gbogbo èyí ló ń ran kòrónà lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ pé eegun ló pa wọ́n. Ohun tí eegun ṣe ni pé ó jẹ́rìí sí bí ara ti rẹlẹ̀ tó kí àrùn tó wọlé.

Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí yìí náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀. Bí ẹ̀yìn bá tẹ̀, àwọn eegun ìhà á sún mọ́ra, ikùn á ti iṣan tó pààlà láàárín rẹ̀ àti àyà sókè, ẹ̀dọ̀fóró kò sì ní rí àyè fẹ̀. Ìwádìí kan tó ti wà ṣáájú kòrónà fojú bù ú pé eegun ẹ̀yìn àyà kan tó bá kán ń gba nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún èémí tó yẹ kí ènìyàn lè mí síta lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí mẹ́ta ti kán lára rẹ̀ ti jẹ gbèsè èémí kí kòrónà tó kanlẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn oníṣègùn Milan náà tún yẹ àwọn tó yè bọ́ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, èémí àwọn tí eegun wọn ti kán ṣì kéré sí ti àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ oògùn kan tí wọ́n fi tọ́jú kòrónà náà tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ìwádìí RECOVERY ní Bìrìtìkó fi hàn pé oògùn dexamethasone dín ikú kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Ọjọ́ 10, ó pẹ́ tán, ni wọ́n fi lò ó. Oògùn yìí kan náà, tí àwọn kan ń rà ní kẹ́mísìtì ní Nàìjíríà láti fi sanra, máa ń sọ eegun di ẹlẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ń lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó bẹ́ẹ̀ kò sì mọ̀.

Kí ẹni tó bá mú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ lọ ya àwòrán àyà, yálà nítorí ikọ́ tàbí nítorí òtútù àyà, bi dókítà tó ń wò ó, nígbà tó bá ti sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró tán, pé eegun ẹ̀yìn wọn ńkọ́.